Ta ló ń ta béèsì nínú àwo orin James Carter yìí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ jáàsì dáadáa, ẹ bá mi dá sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan fi àwo orin James Carter Organ Trio ránṣẹ́ sí mi, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Newport. Èèyàn mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀: ọ̀kan ń fọn sasofóònù, ọ̀kan ń tẹ ọ́gáànù, ọ̀kan ń lu dírọ́ọ̀mù. Kò sí oníbéèsì, kò sí oníjìtá, kò sẹ́ni tó la ẹnu kọrin. Mo gbọ́ ọ parí, ó ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan nínú wọn ò wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ṣé orin tó pé nìyí, àbí wọ́n kàn ń ṣọ́ owó ná? Ẹ má rò pé èébú ni o, mo fẹ́ mọ̀ ni.

* * *

Béèsì wà níbẹ̀, láti orin àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Gerard Gibbs tó jókòó sídìí ọ́gáànù ló ń fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́, ọwọ́ ọ̀tún sì ń ṣe iṣẹ́ mìíràn lókè. Kí a tó máa jiyàn bóyá orin pé tàbí kò pé, ẹ padà lọ gbọ́ ọ, kí ẹ gbàgbé sasofóònù pátápátá. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ dẹtí sí.

Fún ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ, Live from Newport Jazz ni à ń sọ. Wọ́n ṣeré náà níbi àjọ̀dún jáàsì Newport ní ìpínlẹ̀ Rhode Island, Amẹ́ríkà, lọ́dún 2018. Ilé-iṣẹ́ àwo orin Blue Note gbé e jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2019. James Carter, ọmọ Detroit, fọn oríṣi sasofóònù mẹ́ta níbẹ̀: sopráánò, áàtò àti tẹ́nọ̀. Gibbs wà nídìí Hammond B-3, irú ọ́gáànù oníná kan, Alexander White wà nídìí dírọ́ọ̀mù. Orin mẹ́fà ni, gbogbo wọn ló sì tan mọ́ Django Reinhardt, ògbóǹtarìgì oníjìtá ọmọ ẹ̀yà Roma (àwọn tí wọ́n ń pè ní Gypsy) tí wọ́n bí ní Bẹ́ljíọ̀mù lọ́dún 1910, tó sì di olókìkí ní Faransé.

* * *

Mo rí i pé àwọn mélòó kan ti dáhùn kí n tó padà dé. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń sọ pé ọgbọ́n àtidín owó kù ni. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ìyẹn, àmọ́ kì í ṣe lórí àwo yìí. Ní àwọn ọdún 1950 sí 1960, ní àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní Philadelphia, Newark, Detroit àti ìlú bẹ́ẹ̀, ilé ọtí kékeré ò lè sanwó fún ẹgbẹ́ olórin rẹpẹtẹ. Ọ́gáànù kan, dírọ́ọ̀mù kan, pẹ̀lú jìtá tàbí sasofóònù kan, ilé ti kún, àwọn èèyàn ti ń jó. Ibẹ̀ ni Jimmy Smith tó ń tẹ ọ́gáànù ti dìde. Ibẹ̀ ni Shirley Scott náà ti dìde, obìnrin Philadelphia tí wọ́n ń pè ní ọbabìnrin ọ́gáànù. Ọjà ló dá irú ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, mi ò ní purọ́.

Àmọ́ ẹ wo ẹrù tí wọ́n ń gbé kiri. Hammond B-3 pẹ̀lú àga àti pẹ́dáàlì rẹ̀ ń lọ sí 200 kílò. Ẹ kò tíì ka sípíkà Leslie mọ́ ọn, èyí tó tó kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ní láti gbé gbogbo rẹ̀ wọ Fort Adams létí omi, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún Newport. Ẹni tó bá ń ṣọ́ owó ná á gba oníbéèsì kan, ìyẹn á gbé jìtá rẹ̀ há abíyá, ó parí.

* * *

Ìbéèrè kan ni mo ní fún ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀: kí lẹ fi gbọ́ ọ? Tó bá jẹ́ sípíkà fóònù, ẹ ò tíì gbọ́ àwo náà. Ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá lórí pẹ́dáàlì Hammond lè lọ sílẹ̀ dé nǹkan bíi 33 Hz, ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n ní ìgbà 33 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Sípíkà fóònù kì í gbé ohun tó bá ti wà lábẹ́ 200 Hz jáde dáadáa. Ìyẹn ni pé ìdajì iṣẹ́ Gibbs ni fóònù gbé mì. Ó yẹ kó dà bíi pé ẹnì kan ò wá, torí fóònù ti lé e jáde.

Ẹ lo ẹ̀rọ etí tó dára, tàbí kí ẹ so ó mọ́ sípíkà tó ní wúfà, ìyẹn èyí tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde. Tí ẹ bá gbọ́ ọ báyẹn tí kò sì tíì pé létí yín, nígbà náà la ṣẹ̀ṣẹ̀ ní nǹkan tá a lè jọ sọ.

(Wọ́n ti dáhùn nísàlẹ̀ pé fóònù ni. Ó dáa.)

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kò sóhun tuntun níbẹ̀, pé ọjọ́ tí oníbéèsì wọn ò bá wá, òun náà máa ń fi ọwọ́ òsì gbé béèsì, ìjọ á sì jó. Àwa tí à ń tẹ kíbọ́ọ̀dù nílé ìjọsìn la mọ̀ pé òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Èmi náà ń ṣe é. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa, torí níbi tí ìyàtọ̀ wà gan-an ni orin yìí wà.

Ohun tí à ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbòǹgbò kọ́ọ̀dù (àwọn ohùn tí à ń tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan) là ń tẹ̀. Tí orin bá wà lórí C, ọwọ́ òsì á wà lórí C, á dúró síbẹ̀ títí kọ́ọ̀dù á fi yí. Béèsì jáàsì kì í dúró. Ó ń rìn, ohùn kan fún ìlù kan, ó ń gòkè ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tó ń lọ kí kọ́ọ̀dù tó ń bọ̀ tó dé. Ọwọ́ ọ̀tún sì ń dá orin tirẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lálẹ́ yìí. Ohun tó máa kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ni pé tí ọwọ́ ọ̀tún bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ọwọ́ òsì á tẹ̀ lé e, orin á bẹ̀rẹ̀ sí í yára, onílù á sì bojú wò yín. Gibbs ṣe é níwájú èrò, láìdúró, pẹ̀lú olórin bíi Carter tó lè yà kúrò lójú ọ̀nà nígbàkigbà.

Báyìí ni ara rẹ̀ ṣe pín iṣẹ́ náà. B-3 ní pátákó méjì tí a ń fọwọ́ tẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, àti pẹ́dáàlì onígi 25 fún ẹsẹ̀. Ọwọ́ òsì wà lórí pátákó ìsàlẹ̀ fún béèsì. Ẹsẹ̀ òsì ń ta pẹ́dáàlì fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ kí béèsì náà lè ní ìdí tó gbá. Ọwọ́ ọ̀tún wà lókè fún orin. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lórí pẹ́dáàlì mìíràn tó ń gbé ohùn sókè tàbí rọ̀ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ibì kan lára rẹ̀ tó wà láìníṣẹ́.

Nínú àpótí náà, irin róbótó 91 ló ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni ohùn ti ń wá. Laurens Hammond ará Chicago ló ṣe é, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á lọ́dún 1935. Ṣọ́ọ̀ṣì tí kò lágbára àtira dùùrù onípáìpù ló fẹ́ tà á fún. B-3 fúnra rẹ̀ dé lọ́dún 1954, wọ́n sì ṣíwọ́ ṣíṣe é ní àárín àwọn ọdún 1970. Tí ẹ bá ń gbọ́ kí ohùn kan tó jáde tí nǹkan kan kọ́kọ́ ń ta "tá" níwájú rẹ̀, wáyà inú rẹ̀ ló ń pàdé ara wọn. Hammond ka ìyẹn sí àléébù, ó wá ọ̀nà láti mú un kúrò. Àwọn olórin ní kó fi í sílẹ̀, torí òun ló ń jẹ́ kí béèsì ọwọ́ òsì ní etí mímú.

* * *

Ẹnì kan ti sọ pé ọ́gáànù ò yẹ nílé ọtí, pé ohun ìjọsìn ni.

Ilé Ọlọ́run ni àwọn olórin yìí ti kọ́ ọ, púpọ̀ nínú wọn. Tí wọ́n bá gbé e dé ilé ọtí, ìró ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ ti ilé wa, ẹ rántí Fela Sowande, atẹdùùrù. T. K. Ekundayo Phillips ló kọ́ ọ ní dùùrù ní Kàtídírà Christ Church l'Ékòó. Nígbà tó dé Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1930, ó ń tẹ jáàsì lórí Hammond, ó sì bá Adelaide Hall, akọrin Amẹ́ríkà, gba orin sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ àwo orin Decca lọ́dún 1939. Ọkùnrin kan náà yìí ló gba oyè àgbà àwọn atẹdùùrù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1943. Ọwọ́ kan náà ló fi ṣe méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé ó ba ọ̀kan jẹ́ fún èkejì. Ọmọ Yorùbá tó bá ń sọ pé ọ́gáànù jáàsì jẹ́ ohun àjèjì sí wa, kó lọ wádìí Sowande.

* * *

Fela kejì náà ti dé, mo mọ̀ pé ẹnì kan á dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ní Fela Aníkúlápó tẹ ọ́gáànù, ó fọn sasofóònù, ó sì ní Tony Allen nídìí dírọ́ọ̀mù, pé kí ló wá kù tí Carter ń ṣe?

Ó kù púpọ̀. Òótọ́ ni pé lẹ́yìn tí Igo Chico tó ń fọn sasofóònù fún un fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1973, Fela fúnra rẹ̀ gbé sasofóònù tẹ́nọ̀, ó sì ń bá ọ́gáànù rẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ gbọ́ béèsì jìtá nínú Afrobeat: gbólóhùn kúkúrú kan ló ń tún sọ, kò ní yí i padà títí orin á fi parí, kí gbogbo ẹgbẹ́ lè rí ibi dúró sí. Èèyàn tó lé ní mẹ́wàá ló wà lórí ìpele. Nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta, kò sẹ́ni tó lè tún gbólóhùn kan sọ títí, torí tí ẹnì kan bá dúró sójú kan, ìdá kan nínú mẹ́ta orin ti dúró nìyẹn. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Mi ò fi ọ̀kan sókè ju èkejì lọ.

* * *

Ká padà sórí béèsì, torí ìdáhùn tí mo fún yín lókè, ìdajì ni.

Hammond kò mọ̀ bóyá ẹ fi agbára tẹ̀ ẹ́ tàbí ẹ kàn fọwọ́ kàn án. Bákan náà ló máa dún. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló lè gbé e sókè, gbogbo rẹ̀ pọ̀ ló sì máa gbé sókè, béèsì àti orin. Nítorí náà ọwọ́ òsì Gibbs lè rìn dáadáa, kò lè fi agbára ìka tẹnu mọ́ ohùn kan ju òmíràn lọ. Ẹni tó ń ta jìtá béèsì á fa okùn kan gidigidi, á rọra fa èkejì. Ọ́gáànù ò gba ìyẹn. Ta ló wá ń ṣe é?

Onílù ni. Alexander White tí ẹnì kan sọ pé "kò ṣe nǹkan kan" ni. Ẹ gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ìlù ńlá àti irin (símbálì) tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún lù. Níbi tó bá ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, etí yín á gbọ́ ọ bíi pé béèsì ló tẹnu mọ́ ohùn yẹn. Tó bá fà á sẹ́yìn, béèsì á fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́. Tó bá sì lu ẹsẹ̀ yẹn ní àlùjù, ìsàlẹ̀ á dàrú, ẹ ò ní mọ èwo ni ìlù èwo ni ọ́gáànù. Ìdí nìyẹn tó fi ń kó ara rẹ̀ níjàánu. Ọwọ́ ẹnì kan àti ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ló jọ di oníbéèsì kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ẹni kẹrin, àwọn méjì yìí ló ń ṣe é láàárín ara wọn. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo irú orin yìí, mi ò sì mọ irú ẹgbẹ́ mìíràn tí onílù ti ń ru ẹrù tó tó báyìí láìsí pé èrò mọ̀.

Ẹnì kan tún ní dírọ́ọ̀mù rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù: kò yẹ kó sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un kì í ṣe ti ìyáàlù.

* * *

Ariwo Carter. Gbogbo yín ló ń sọ ọ́, ó sì tọ́ kí ẹ sọ ọ́.

Ọkùnrin yìí lè fi ahọ́n gbá ẹnu fèrè kó dún pá bí ìlù. Ó lè fi imú fa èémí nígbà tí ẹnu ń fọn, kí ohùn má sì já. Ó lè fọn ohùn méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lè kígbe kọjá òpin ohun tí fèrè náà yẹ kó lè dé. Àwọn kan ní ìṣeféfé ni. Àwọn kan ní òun ni adùn rẹ̀.

Ohun tí mo rí ni pé nínú ẹgbẹ́ tí kò sí píánò tàbí jìtá, fèrè kan ṣoṣo ló dúró níwájú. Àwọn pá-pá tó ń fi ahọ́n ṣe yẹn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìlù nígbà tí ọ́gáànù bá dákẹ́ díẹ̀, mo sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ igbe òkè yẹn, ó máa ń pẹ́ jù lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá nígbà tí èrò bá ti ń hó sí i. Èrò fẹ́ igbe, ó sì ń fún wọn. Ká ní sítúdíò ni, mo rò pé ìbá gé e kúrú. Ẹni tó bá ní ariwo èrò ń dí òun lọ́wọ́, àwo At the Crossroads wà, èyí tí Carter, Gibbs àti Leonard King ṣe, tó jáde lọ́dún 2011. King ló ń lu dírọ́ọ̀mù fún wọn kí White tó dé.

* * *

Ọ̀rọ̀ Django ló kù tí mo fẹ́ fèsì sí gidigidi. Ẹnì kan kọ̀wé gígùn pé ìwà àìnáání ni kéèyàn gbé orin oníjìtá, kó yọ jìtá kúrò, kó sì fi ọ́gáànù bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹgbẹ́ tí Django fi lókìkí láti 1934, ìyẹn Quintette du Hot Club de France, jìtá mẹ́ta ló ní, fayolíìnì kan tí Stéphane Grappelli ń ta, àti béèsì onígi ńlá kan. Okùn ni gbogbo rẹ̀. Kò sí dírọ́ọ̀mù níbẹ̀ rárá. Carter wá yí i po: ó yọ gbogbo okùn kúrò, ó fi ìlù sí i. Mo gbà pé ìyípadà ńlá ni. Àmọ́ kì í ṣe àìmọ̀kan ló fi ṣe é. Lọ́dún 2000 ó ti ṣe àwo kan fún Django tẹ́lẹ̀, Chasin' the Gypsy, tó ní jìtá àti fayolíìnì, Regina Carter tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ ló sì ta fayolíìnì náà. Ó ti gba ọ̀nà okùn yẹn já kó tó gba èyí.

Kí ẹ sì wo Anouman, ọ̀kan nínú orin mẹ́fà náà. Django gbà á sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1953, ní oṣù díẹ̀ kó tó kú. Nínú ti Django fúnra rẹ̀, sasofóònù áàtò ló gbé ohùn orin náà, Hubert Fol ló fọn ọ́n. Dírọ́ọ̀mù ti wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà yẹn. Baba tó ni orin ló kọ́kọ́ fi í lé onífèrè lọ́wọ́. Ta ló wá ń ṣe àìnáání ta?

Ohun kan tún ni pé iná jó Django lọ́dún 1928, ìka méjì ọwọ́ òsì rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ìka méjì tó kù ló fi ń sáré lórí okùn. Nígbà tí mo bá ń gbọ́ ọwọ́ òsì Gibbs lábẹ́ orin rẹ̀, ìyẹn máa ń wá sí mi lọ́kàn.

* * *

Àwọn àbúrò tó ń béèrè bí wọ́n ṣe lè kọ́ ọ lórí kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì: ẹ má tíì wá owó Hammond. Ẹ pín kíbọ́ọ̀dù yín sí méjì, ohùn ọ́gáànù tó wúwo nísàlẹ̀, ohùn ọ́gáànù tó mú lókè. Ẹ pa ohun tó ń jẹ́ kí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yí ohùn padà, kó lè ṣe bíi ti Hammond. Ẹ fi ọwọ́ òsì nìkan rìn lórí búlúùsì onílà méjìlá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú ohun tó ń ka ìlù fún yín, títí ẹ ó fi lè máa bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ tí ọwọ́ ò sì dúró. Kọ́ọ̀dù kúkúrú lọ́wọ́ ọ̀tún ló tẹ̀ lé e. Orin ló gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí orin kì í ní ọwọ́ òsì láéláé, mo ti rí púpọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì bẹ onílù ìjọ yín pé kó wá bá yín ṣe é láìsí àwọn yòókù.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà wá, ó ní òun ti fi ẹ̀rọ etí gbọ́ ọ, òun ti gbọ́ béèsì, ṣùgbọ́n igbe fèrè ṣì ń dùn ún létí. Ó ní kí n sọ èyí tó jọ ọ́ tó sì rọ̀.

Àwo Yaya3 ni kí ẹ gbọ́, ó jáde lọ́dún 2002. Irinṣẹ́ mẹ́ta kan náà ni: Joshua Redman ló fọn sasofóònù, Sam Yahel ló tẹ ọ́gáànù, Brian Blade ló lu dírọ́ọ̀mù. Wọn kì í pariwo. Blade lè lu ìlù débi tí ẹ ó fi tẹ́tí kí ẹ tó gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àwo Unity tí Larry Young tó ń tẹ ọ́gáànù gbà sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1965. Ẹlẹ́ni mẹ́rin ni ẹgbẹ́ yẹn, àmọ́ ẹ lọ tààrà sórí Monk's Dream, níbi tí àwọn onífèrè ti jókòó, tó ku Young àti Elvin Jones onílù nìkan. Tí èyí bá pé létí yín pẹ̀lú èèyàn méjì, ẹ padà sí Newport, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Anouman.